Gbèsè Wo Ni Àlejò Jẹ Ìlú Tí Ó Lọ Wò?



Àwọn àgbà wa a máa wí pé ojú àlejò ni a ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ ni a ti ń san án. Onílé ni òwe yìí ń bá wí. Ẹni tí àlejò bá wọ̀ sí lọ́dọ̀ kò ní fẹ́ kí ojú ti òun. Bí kò tilẹ̀ ní, yóò yá owó, yóò ra adìẹ àwìn, yóò ṣe àlejò rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́. Bí àlejò bá lọ tán, ọwọ́ onílé ni gbèsè kù sí. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí a jọ yí òwe náà sí òdì kejì lónìí. Ṣé onílé nìkan ni ó ń jẹ gbèsè? Àlejò tí ó wo ìlú tán, tí ó jẹun yó, tí ó sanwó oúnjẹ tí ó sì sanwó ọkọ̀, ṣé kò ku ohun kan tí ó jẹ àwọn ará ìlú náà?

Ìbéèrè yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ẹni tí ó lọ wo ìlú oníìlú kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kí ó la ojú kí ó sì la ẹnu lọ. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo lò ní ìlú George Town, ní erékùṣù Penang ní ilẹ̀ Malaysia, ní ọdún 2018, ni ó yí èrò mi padà. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ọjọ́ náà fún yín, pẹ̀lú ibi tí mo ti ṣìnà nínú rẹ̀.

ÌLÚ TÍ ÀLEJÒ TẸ̀ DÓ

Kuala Lumpur ni mo ti ń kàwé nígbà náà. Àwa mẹ́ta, ọmọ Yorùbá ni wá, Mùsùlùmí sì ni wá, wọ bọ́ọ̀sì alẹ́ lọ sí Butterworth. A kírun àsùbáà níbẹ̀, a wọ ọkọ̀ ojú omi tí ó ń gbé èrò sọdá, kò sì pẹ́ tí a fi gúnlẹ̀ sí George Town.

Ìtàn ìlú náà yẹ ní mímọ̀ kí a tó tẹ̀síwájú. Ní ọdún 1786, Francis Light, tí ó ń ṣojú ilé-iṣẹ́ East India Company ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì, gúnlẹ̀ sí erékùṣù Penang, ó sì gbà á. Sultan Abdullah ti Kedah ni ó ni ilẹ̀ náà. Ohun tí ó ń retí ni pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì yóò gbèjà òun bí ọ̀tá bá dé. Ìgbèjà náà kò wá. Ní ọdún 1791, ó gbìyànjú láti fi ogun gba erékùṣù rẹ̀ padà, wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, ó sì di pé kí wọ́n máa san iye owó kan fún un lọ́dọọdún. Ẹ kíyè sí i: àlejò dé, ó gba ilẹ̀, ó sanwó, síbẹ̀ kò san gbèsè tí ó jẹ. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí àwa arìnrìn-àjò òde òní.

Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn wọlé: àwọn ọmọ Ṣáínà, àwọn Mùsùlùmí àti Híńdù láti gúúsù Íńdíà, àwọn Lárúbáwá àti àwọn ará Aceh láti òdì kejì òkun. Àwọn kan wá ṣòwò, àwọn mìíràn wá fi agbára wọn ṣiṣẹ́ ní èbúté. Wọ́n bá àwọn Màláyù gbé, ọ̀pọ̀ wọn kò sì padà sílé mọ́. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ọmọ àlejò ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó jẹ́ onílé níbẹ̀ lónìí.

OHUN TÍ MO FI OJÚ MI ṢE

A bẹ̀rẹ̀ ìrìn wa ní òpópónà tí wọ́n ń pè ní Jalan Masjid Kapitan Keling. Bí ènìyàn bá fẹ́ rí bí ẹ̀sìn oríṣiríṣi ṣe lè fara kan ara wọn láìjà, kí ó wá síbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì St. George's tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1818 wà ní ìkángun rẹ̀. Ìrìn díẹ̀ sí i, ilé ìjọsìn àwọn ọmọ Ṣáínà ni, èyí tí ó ti lé ní igba ọdún, tí wọ́n ti ń ké pe Kuan Yin fún àánú. Tẹ́ḿpìlì àwọn Híńdù, ti ọdún 1833, wà nítòsí. Níwájú díẹ̀ ni mọ́sálásí Kapitan Keling wà, tí àwọn Mùsùlùmí ará Íńdíà dá sílẹ̀ ní ọdún 1801 lábẹ́ olórí wọn, Cauder Mohideen. Oyè tí ó ń jẹ́ ni wọ́n fi sọ mọ́sálásí náà lórúkọ. Gbogbo rẹ̀ kò ju ohun tí ènìyàn lè fẹsẹ̀ rìn kí òógùn tó bò ó lọ.

Nígbà tí a dé iwájú ilé ìjọsìn Kuan Yin, èéfín tùràrí ti bo gbogbo àgbàlá. Ìyá àgbàlagbà kan dúró níbẹ̀, ó di igi tùràrí mẹ́ta mú ní àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó gbé e sókè dé iwájú orí. Ojú rẹ̀ wà ní dídì, ètè rẹ̀ ń mì, omijé sì ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo gbé fóònù mi sókè, mo sún mọ́ ọn, mo ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀kan nínú wa sọ̀rọ̀ àwàdà kan ní èdè Yorùbá, a sì rẹ́rìn-ín.

Ìyá náà la ojú. Ó wò mí. Kò bú mi, kò sì juwọ́ sí mi. Ó kàn rọra rìn lọ sí ẹ̀yìn òpó kan, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó sì ń bá àdúrà rẹ̀ lọ. Àwa náà bá tiwa lọ. Lójú mi, kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Mo tilẹ̀ yọ̀ pé fọ́tò náà dára. Àṣé òótọ́ ni pé àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

OHUN TÍ ẸNU MI JẸ

Nígbà tí ọ̀sán pọ́n, ebi ń pa wá. Ẹni tí ó bá ti dé Penang mọ̀ pé oúnjẹ ni òkìkí ìlú náà. Lẹ́bàá ọ̀nà, a rí bàbá ọmọ Ṣáínà kan tí ó ń dín char kway teow. Ìrẹsì tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n sì gé ní pẹlẹbẹ, tí ó fẹ̀ ju indomie lọ, ni. Wọn a dà á sínú àgbada tí iná rẹ̀ ń jó fòò, wọn a fi edé, ẹyin, ẹ̀wà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù àti oríṣi ìṣáwùrú òkun kan sí i. Òórùn rẹ̀ gbà wá lọ́kàn. A tò sórí ìlà, a sì ti mú owó jáde.

Nígbà tí ó kàn wá, bàbá náà wo fìlà orí wa. Ó mi orí. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò dá ṣáká sọ fún wa pé, “Mùsùlùmí? Kò ṣeé jẹ fún yín. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀.” Lẹ́yìn náà ni ó na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ òpópónà, ó sì júwe ilé oúnjẹ àwọn Mùsùlùmí fún wa. Ó padà sídìí àgbada rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ rò ó wò. Bàbá yìí kò mọ̀ wá rí. Ó mọ̀ pé a kò ní padà wá. Bí ó bá gba owó wa tí ó sì dákẹ́, ta ni yóò mú un? Kò gba ohun tí a gbà gbọ́ gbọ́. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ jẹ́ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀. Síbẹ̀, ó pa ìgbàgbọ́ wa mọ́ fún wa nígbà tí àwa fúnra wa ti gbàgbé láti béèrè. Owó tí ó sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ lè má tó nǹkan, ṣùgbọ́n ó yàn láti pàdánù rẹ̀ kí ó má baà fi wá ṣe àṣìṣe. Bí èyí kò bá jẹ́ pípa àmánà mọ́, kí ni à ń pè bẹ́ẹ̀?

Ibi tí ó júwe ni a ti jẹ nasi kandar. Nasi ni ìrẹsì. Kandar ni ọ̀pá tí àwọn Mùsùlùmí ará Íńdíà ayé àtijọ́ máa ń gbé kọ́ èjìká, tí ìkòkò ìrẹsì ń rọ̀ ní orí kan, tí ti ọbẹ̀ sì ń rọ̀ ní èkejì, tí wọ́n ń kiri rẹ̀ fún àwọn alágbàṣe èbúté. Ọ̀pá ti lọ, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ kù sára oúnjẹ. Wọ́n bu ìrẹsì fún wa, wọ́n da ọbẹ̀ ẹja, ti adìẹ àti ti ẹran lé e lórí títí ó fi rin ṣìnkìn. Wọ́n ní bí o bá fẹ́ kí ọbẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀, kí o sọ pé banjir, èyí tí í ṣe omíyalé. A jẹun, a dúpẹ́.

Bí mo ti ń jẹun ni mo ń ro ó pé èjìká tí ó bó ni oúnjẹ dídùn yìí ti wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni púpọ̀ nínú oúnjẹ ìlú náà: oúnjẹ tálákà ni, tí alejò ilẹ̀ òkèèrè sè fún alejò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Láti ọdún 2016, ìjọba Penang ti ṣòfin pé àjèjì kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ó ń se àwọn oúnjẹ àdáyébá kan nídìí àtẹ, kí adùn wọn má baà sọnù. Mo mọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n béèrè: àwọn tí ó kọ́kọ́ se àwọn oúnjẹ wọ̀nyí, ta ni wọ́n jẹ́ nígbà tí wọ́n dé, bí kì í bá ṣe àjèjì?

ÌGBÀ TÍ Ó KAN ÈMI NÁÀ

A lọ kírun àìlá ní mọ́sálásí Kapitan Keling. Mọ́sálásí tí ó tutù ni, ó funfun, ògiri rẹ̀ ṣí sílẹ̀ yíká, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ wọlé. Wọ́n ń gba àlejò tí kì í ṣe Mùsùlùmí níbẹ̀, wọ́n sì ń yá wọn ní jálàbíà tí wọn yóò fi bora. Èyí dùn mọ́ mi nínú.

Mo ní ẹ̀dùn ọkàn kan lọ́jọ́ náà. Ara ìyá mi kò yá nílé, wọ́n sì ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú. N kò sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, nítorí n kò fẹ́ ba ìrìn-àjò jẹ́. Nígbà tí a kírun tán, mo dá jókòó, mo tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, mo sì ń bẹ Ọlọ́hun. Ojú mi wà ní dídì. Omijé bọ́.

Mo gbọ́ ìró kan, mo la ojú. Arìnrìn-àjò kan dúró lẹ́yìn òpó níta, kò jìnnà sí mi, ó nawọ́ kámẹ́rà sí mi. Obìnrin kan dúró tì í, ó ń sọ ohun kan ní èdè tí n kò gbọ́, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Inú bí mi, ara mi gbóná. Mo fẹ́ dìde. Mo fẹ́ bi í pé, “Ẹkún tí mò ń sun fún ìyá mi, ṣé eré ni ó rò pé mò ń ṣe?”

N kò tíì dìde tán tí mo fi rí ara mi. Mo rí ìyá àgbàlagbà nì pẹ̀lú igi tùràrí mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀. Mo rántí pé n kò bi ara mi léèrè ohun tí ó ń sunkún fún. Bóyá ọmọ rẹ̀ ni ó ń ṣàìsàn. Bóyá ọkọ rẹ̀ ni ó kú. Mo jókòó padà. Ẹsẹ̀ mi kò gbé mi mọ́. Bí ó ṣe ń dun ọmọ eku náà ni ó ṣe ń dun ọmọ ẹyẹ, òwe tí mo ti ń pa láti kékeré, ọjọ́ náà ni mo tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀.

ÀWỌN TÍ YÓÒ TA KÒ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ

Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, ọ̀kan nínú wọn ní ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í ṣe ọgbọọgba. Ó ní, “Ìwọ ń bẹ Ọlọ́hun Ọba, òun ń bẹ ère. Báwo ni ìwọ ṣe lè fi wé ara rẹ?” Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ kí a sá fún un. Èsì mi ni pé èmi kò sọ pé ìjọsìn rẹ̀ àti tèmi jẹ́ ọ̀kan náà. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fi wéra ni omijé. Bíbọ̀wọ̀ fún ènìyàn kò sọ mí di ẹlẹ́sìn rẹ̀. Bàbá alágbada nì kò di Mùsùlùmí kí ó tó dáàbò bo ìgbàgbọ́ wa. Bí ẹni tí kò gba ẹ̀sìn wa gbọ́ bá lè ṣe èyí fún wa, ojú wo ni àwa yóò fi wò ó bí a bá sọ pé àwa kò lè ṣe irú rẹ̀?

Ẹnì kejì ní, “Ṣebí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀? Ẹni tí kò bá fẹ́ kí á rí òun, kí ó jókòó sílé.” Èyí náà ní agbára díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ náà dá a lóhùn. A lọ sí Chew Jetty, níbi tí àwọn ọmọ Ṣáínà tí wọ́n jọ ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan náà kọ́ ilé wọn lé orí òpó nínú omi òkun. Ilé ni, ènìyàn ń gbé inú rẹ̀, aṣọ fífọ̀ wà lórí okùn. Ọkùnrin kan ń jẹun nínú yàrá rẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí nítorí ooru. Àwọn àlejò dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń wo abọ́ rẹ̀. Ilé kan ti lẹ ìwé mọ́ ògiri pé kí á jọ̀wọ́ má ya fọ́tò. Ṣé ẹni tí ó jókòó sílé rèé, àwa kò ha bá a délé bí?

Ẹlòmíràn yóò ní, “Owó wa ni wọ́n ń jẹ.” Òótọ́ ni pé àlejò ń mú owó wọlé. Ṣùgbọ́n owó náà kì í dé ọwọ́ gbogbo ènìyàn. Òfin kan wà tẹ́lẹ̀ ní Malaysia tí kì í jẹ́ kí onílé fi owó kún owó ilé àtijọ́ bí ó ti wù ú. Wọ́n fagi lé e, ìfagilé náà sì fìdí múlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000. Ní ọdún 2008, UNESCO fi George Town àti Melaka sí ara àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Àlejò pọ̀ sí i, ilé ń gbówó lórí, àwọn ilé ìgbé di ilé ìtura àti ilé kọfí, ọ̀pọ̀ mẹ̀kúnnù sì ti kó lọ. Ìgbésí ayé wọn ni ó sọ ìlú náà di ohun tí ó wu ayé láti wò. Nígbà tí ayé wá wò ó, àyè kò gbà wọ́n mọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó ní òun ti sanwó tán rántí èyí.

GBÈSÈ MẸ́TA

Nínú ọkọ̀ tí ó gbé wa padà sọdá ní ìrọ̀lẹ́, mo ṣírò ohun tí mo jẹ, mo sì rí i pé ó jẹ́ mẹ́ta.

Èkíní ni gbèsè ojú. Ohun tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí kọ́ ni ohun tí a fún ọ. Wo ilé, wo òpópónà, wo iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Ṣùgbọ́n bí o bá dé ibi tí ènìyàn ti ń sunkún, tí ó ń gbàdúrà tàbí tí ó ń jẹun, kọ́kọ́ béèrè. Bí o kò bá lè béèrè, gbé ojú kúrò.

Èkejì ni gbèsè ẹnu tí ó jẹun. Má ṣe jẹ oúnjẹ ènìyàn kí o sì máa fojú tẹ́ńbẹ́lú ẹni tí ó sè é. Èyí tí kò bá tọ́ sí ọ láti jẹ, fi ọ̀wọ̀ kọ̀ ọ́, má ṣe yínmú sí i. Béèrè kí o tó jẹ, nítorí ìwọ ni ó ni ìgbàgbọ́ rẹ, kì í ṣe ẹrù alásè. Má sì fi oúnjẹ ṣòfò níwájú ẹni tí èjìká bàbá rẹ̀ bó nítorí rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni gbèsè ẹnu tí ó ròyìn, òun ni ó sì wúwo jù. Nígbà tí mo padà délé, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni bóyá òótọ́ ni pé àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ gbogbo ohun tí ó ń rìn. Mo mọ ìdáhùn tí ì bá pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Ì bá sì rọrùn. Dípò rẹ̀, mo sọ ìtàn bàbá tí kò ta oúnjẹ rẹ̀ fún wa. Kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n gbogbo wọn dákẹ́, wọ́n sì ní kí n tún un sọ. Àwọn tí a bẹ̀ wò kò sí níbi tí a ti ń ròyìn wọn, wọn kò lè gbèjà ara wọn. Ẹ̀yìn àlejò ni onílé ti ń san gbèsè tirẹ̀. Ẹ̀yìn onílé ni àlejò ti ń san tirẹ̀.

Mo ti pa fọ́tò ìyá náà rẹ́ láti orí omi lọ́jọ́ náà. N kò tan ara mi jẹ pé mo ti san gbèsè ojú mi. N kò mọ orúkọ rẹ̀, n kò sì lè rí i láti tọrọ àforíjì. Ìyá tèmi gbádùn, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ó sì padà sílé. N kò mọ bí ọ̀rọ̀ ti ìyá náà ṣe parí, àwọn tí ó ń sunkún nítorí wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, púpọ̀ nínú yín ni yóò rìnrìn-àjò: òmíràn fún ẹ̀kọ́, òmíràn fún òwò, òmíràn kí ojú rẹ̀ lè là. Ẹ máa lọ, ẹ wo ayé. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé fóònù sókè, ẹ rántí pé níbì kan ní ayé, ẹ̀yin náà yóò jókòó pẹ̀lú ojú dídì, ẹlòmíràn yóò sì dúró lẹ́yìn òpó.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí á jẹ́ àlejò tí onílé yóò fẹ́ rí padà. Àmín.